Àtẹ́lẹwọ́ Lára Ẹ̀rọ

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ìyá àwọn ọmọ mi, ọ̀gá àgbà ilé ìtẹ̀wé ránṣẹ́ pè mí. Èmi ni olórí yàrá ẹ̀rọ níbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ kí n yan ẹni tí yóò gba ipò náà: ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́jà ni, àbí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, obìnrin tí ìyàwó mi kọ́ níṣẹ́.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, eruku bébà ń léfòó nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ balẹ̀. Mo rí ìyàwó mi tó dúró ti ẹ̀rọ ńlá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára irin, ó dijú. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mi ò gbójú kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe nígbà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí irin bá gbọ̀n lọ́nà tí kò tọ́, á ní kí wọ́n dá a dúró. Òun ló kọ́ mi. Bí òun bá dá a dúró, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á. Bí èmi bá dá a dúró, wọ́n á ní mo mọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan olórí, wọ́n sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì. Mo dákẹ́, mo gba ipò. Nígbà tá a délé, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú.

"Bàbá, àwọn méjèèjì ló dá ẹ̀rọ dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá," ọ̀gá àgbà wí. "Ti Ṣọ́jà, làákàyè ni. Àyà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń tètè já."

"Bí abẹ̀bẹ̀ bá fẹ́ ẹ, á ní ìjì ni," Ṣọ́jà wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìjì kọ́ ló gé orí ìka rẹ lọ́dún tó kọjá," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn, kò gbójú sókè.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ, níbi tí tìyàwó mi máa ń wà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹ̀yìn ẹni tó ń sùn.

"Ẹ dá a dúró."

Kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ dá a dúró.

"Kí lẹ gbọ́, Bàbá?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ohun tó ṣe é. Ká ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́, ẹ̀ bá ti pè é ní ojo. Òun ni kẹ́ ẹ fi jẹ olórí. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíì, nígbà kan."

Ọ̀gá àgbà wo ẹ̀rọ títí, ó wá na kọ́kọ́rọ́ yàrá sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ tan án," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

Wọ́n kọ́kọ́ wo ojú mi ná. Mo yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, eruku sì gbéra.