Ẹnu Dáhùn, Ọwọ́ Ò Tíì Jáde

Ọ̀gá Sáré la máa ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju "ẹ sáré" lọ. Òun ni alábòójútó ilé ìtẹ̀wé wa. Mo ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́, mo sì kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe ń kí i.

Ẹni méjì ló ń lo ẹ̀rọ tí a fi ń gé etí ìwé. Ẹnì kan á máa to ìwé sábẹ́ abẹ, ẹnì kejì á máa fi ẹsẹ̀ tẹ irin tó ń sọ abẹ kalẹ̀. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, á béèrè pé, "Ọwọ́ dà?" Onítọ̀hún á ní, "Ó ti jáde." Ṣùgbọ́n béèyàn bá ti ń sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀, tí oorun sì ń kùn ún, ẹnu á máa dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nìyẹn. Ó sọ fún Ọ̀gá Sáré pé ó ti rẹ òun, pé ìwé ń di méjì lójú òun. Ọ̀gá ní kò tíì rẹ ẹni tó bá ṣì lè dáhùn, ó sì dúró nídìí irin fúnra rẹ̀. Ó béèrè, àbúrò mi dáhùn, abẹ balẹ̀. Ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún lọ. Ọ̀gá Sáré sọ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́ pé, "Ó dáhùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Aláìbìkítà ni." Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n lé ọmọ náà lọ. Èmi ò kúrò ní tèmi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, ẹni tó ń to ìwé fún mi sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá Sáré ní òun á máa tò ó. Lọ́jọ́ kan, ojúmọ́ mọ́ bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wá awò tó wà lójú rẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pa á lẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó yẹ kí n ní kó lọ sùn, ṣùgbọ́n mo ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ọwọ́ dà?"

"Ó ti jáde."

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ n má purọ́, inú mi dùn. Ẹsẹ̀ mi wà lórí irin, ohun tí màá wí sì ti wà lẹ́nu mi: ó dáhùn, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Mo tún béèrè, mo pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ọ̀gá, ọwọ́ dà?"

"Mo ní ó ti jáde. Sáré."

Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sí wa, wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ wo ọwọ́ yín, sà."

Ó wò ó, ó sì fà á yọ. "Ó rẹ̀ mí ni," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ohun tí àbúrò mi sọ nìyẹn, tí ẹ fi pè é ní aláìbìkítà. Ilé wa la ó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà la ó lọ bá àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Àwọn ẹlẹ́rìí mi rèé."

Nígbà tí a dé ilé, àbúrò mi jókòó, ó ń fi ọwọ́ òsì bá okùn bàtà rẹ̀ jà. Ó fẹ́ dìde kí àlejò, mo ní kó jókòó. Ọ̀gá Sáré sọ ọ́ níwájú rẹ̀: "O sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí.

"Okùn bàtà rẹ̀ nìyẹn," ni mo wí. "Ìka tiyín ṣì pé."

Àgbàlagbà náà kúnlẹ̀. Ojú ti àbúrò mi, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde, àgbà ni wọ́n." Mo ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá Sáré de okùn náà, ó tú, ó tún un dè. Nígbà tó ṣe é tán, ó fẹ́ dìde.

"Ẹ má tíì dìde," ni mo wí. "Ó ku ẹsẹ̀ kejì."