Ohùn Láyí ní Ọjọ́ Sátidé

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, màmá mi ń sá láfún sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọkọ̀ kékeré kan dúró lójú ọ̀nà. Àlùfáà wa àgbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí, wọ́n sì béèrè bàbá mi. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tí fìlà bàbá mi bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gba igbá láfún lọ́wọ́ màmá mi, òmíràn bu omi wá, ó sì ń fọ ọwọ́ fún un bí ẹni ń fọ ọwọ́ ọmọ kékeré. Màmá mi wo ojú wọn yí ká.

"Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni?" ó béèrè. "Ṣé Láyí ni?"

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé Láyí ni.

Láyí ni ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí àwọn òbí wa. Ọkọ̀ tó wọ̀ ló dànù lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àwọn àbúrò bàbá mi ló lọ sin ín, wọn kò sì jẹ́ kí bàbá àti màmá mi mọ ibẹ̀, nítorí nílẹ̀ wa a kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Màmá mi kò rí òkú, kò rí erùpẹ̀. Aṣọ Láyí nìkan ni wọ́n kó wá fún un nínú àpò kan.

Ọdún 1963 ni. Bàbá mi, Josiah, ni olùkọ́ àgbà ilé-ìwé ìjọ ní Ìyànà Ọ̀fà nígbà náà. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé wa wà, ó jìnnà díẹ̀ sí ọjà. Àwa la kọ́kọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì ní agbègbè wa, oríṣi kékeré tó ń lo bátìrì. Bí bàbá mi ṣe gbé e dé ló ti fi òfin lé e. Bí àkókò ìròyìn bá tó, yóò kó bátìrì sí i, a ó jókòó, a ó gbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi a ó gbọ́ orin ìyìn. Lẹ́yìn náà yóò yọ àwọn bátìrì náà, yóò sì dà wọ́n sínú àpò agbádá rẹ̀.

Ó pè wá jọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bí ìyá yín bá se àgbo fún yín, ta ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Màmá ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà gbóná jù, sà. Kó má baà korò jù."

"Ó dáa. Èmi náà ni n óò máa kọ́kọ́ tọ́ eléyìí wò fún yín. Èyí tó bá dára, ẹ ó gbọ́ ọ. Èyí tí kò bá dára, etí tèmi ni yóò mọ."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń lọ dúró níwájú ìsọ̀ onígbàjámọ̀ láti gbọ́ orin, ẹnikẹ́ni kì í béèrè wọn. Èmi ní ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò fún mi. Bí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ní, "Títíladé, ṣé bàbá ẹ ti jẹ orin tán kó tó bu tìẹ fún ẹ?" èmi a kàn rẹ́rìn-ín, inú mi a sì máa dùn.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí asọ̀rọ̀mágbèsì dé ilé wa tí Láyí fi kúrò níbẹ̀. Ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì ti ń kọ́ni lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó wá ní òun ti ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì n'Ìbàdàn, pé òun yóò máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé.

"Àlọ́?" ni bàbá mi wí. "Mo rán ọ lọ kàwé kí o lè wá máa ṣe ohùn Ìjàpá?"

Láyí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Àwọn ọmọ náà ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, ọmọ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́."

"Èmi ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ wọn! Dìde níwájú mi. Orúkọ rẹ kò gbọdọ̀ jáde nílé yìí mọ́, àfi ọjọ́ tí o bá padà wá sọ pé o ti ṣìnà."

Màmá mi sìn ín dé títì. Èmi ni mo gbé èkuru tó dì fún un. Ẹ ní láti mọ̀ pé ìyá mi kò mọ ìkíni méjì ju kó béèrè bóyá èèyàn ti jẹun. Awakọ̀ tó bá dúró tún táyà ṣe níwájú ilé wa, àfi kó bi í. Bí ọkọ̀ Láyí ṣe fẹ́ gbéra, ó di fèrèsé mú.

"Ta ni yóò máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun?"

Láyí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Èmi fúnra mi ni n óò máa jíṣẹ́ fún yín."

A retí iṣẹ́ náà. Kò dé.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń gbé asọ̀rọ̀mágbèsì lọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Yóò fi aṣọ bò ó, yóò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tọ́ ètò ìrọ̀lẹ́ wò, bóyá yóò bá wa mu. Bó bá jáde, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Á ní ẹfun tí a fi ń kọ̀wé ló wọ ojú òun.

"Báwo ni, sà?" èmi a béèrè.

"Kò yẹ yín. Orin ọ̀mùtí ni wọ́n ń kọ ní gbogbo àkókò náà."

Màmá mi bi í lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó rò pé a kò gbọ́. "Bàbá Títí, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ rárá?"

"Àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kò lóǹkà, Mojísọ́lá. Ta ló sọ fún ọ pé gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Lẹ́yìn ìyẹn màmá mi kò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rokà, ọwọ́ rẹ̀ a dúró, á máa wo ọ̀nà Ìbàdàn. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà ti gbàgbé òun. Mo bínú sí Láyí nítorí rẹ̀. Mo bínú sí i gan-an.

Ní ọjọ́ kẹta tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, Mùsílímátù wá kí wa. Aládùúgbò wa ni, ó ń kó gàárì àti ata lọ sí ọjà Ṣáṣá ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Bó bá ti ń ti ọjà bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á ní, "Ìyá Láyí, ọmọ wa jẹun lánàá o!" Màmá mi rò pé ìbéèrè tí òun máa ń bi gbogbo èèyàn ni Mùsílímátù fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Á fún un lésì pé, "Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?" àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yìí kò sí ẹ̀rín. Ó kúnlẹ̀, ó di màmá mi lọ́wọ́ mú. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ sì wà yí i ká.

"Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ ẹ, Ìyá Láyí. Gbogbo Ṣáṣá ló ń dárò rẹ̀. Àwọn Gàmbàrí alálùbọ́sà pàápàá! Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì ní Sátidé, ọjà á pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ á jókòó sórí àpò àlùbọ́sà. Bó bá wá parí, a ó máa retí èyí tó fi ń dágbére: 'Ìyá mi ní Ìyànà Ọ̀fà, mo ti jẹun o.' Gbogbo ìsọ̀ á sì dáhùn pé, 'Ó ti yó o!'"

Màmá mi gbé orí sókè. "Kí lo sọ?"

"Ohun tó máa ń sọ náà ni. Ẹ kúkú ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní asọ̀rọ̀mágbèsì nílé."

Mùsílímátù wo ojú màmá mi, ó wo tèmi. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. "Yéè! Ìyá Láyí, ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́ ọ rí."

Màmá mi yíjú sí àga bàbá mi.

"Bàbá Láyí," ó wí. Ó ti pẹ́ tí kò ti pè é bẹ́ẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mojísọ́lá, jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ lọ."

"Àwọn èèyàn ti gbọ́ ọ. Gbogbo Ṣáṣá ti gbọ́ ọ. Èmi ni mo kù. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. "Mo gbọ́ ọ."

"Ìgbà mélòó?"

"Gbogbo Sátidé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní òun rò pé bí àárò ìyá rẹ̀ bá sọ ọ́, yóò padà wá sílé. Ó ní bí màmá mi bá gbọ́ ohùn náà, yóò lọ bá a n'Ìbàdàn, ọmọ náà kò sì ní mọ̀ láé pé òun ṣìnà. Ó ní ìtọ́sọ́nà ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé òun náà fẹ́ràn Láyí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó fẹ́ràn ohùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣe kó má gbọ́ ọ, ó sì lè jókòó jẹun pẹ̀lú màmá mi lẹ́yìn rẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. "Ẹ ní ẹ̀ ń tọ́ ọ wò fún wa ni, sà."

"Títí, bọ́ sẹ́yìn ilé."

"Ẹ ò tọ́ ọ wò, sà. Ẹ jẹ ẹ́ tán ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ kùn sí mi pé, "Títíladé!" Màmá mi gbé ọwọ́ sókè dá a lẹ́kun.

Ọkùnrin tó gbé àpò aṣọ Láyí wá láti ilé-iṣẹ́ wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lójúde pẹ̀lú àlùfáà. Mo sáré lọ bá a. Mo bi í bóyá wọ́n fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ síbì kan, kí màmá mi lè gbọ́ ọ kódà lẹ́ẹ̀kan. Ó mi orí. Ó ní bí wọ́n ti ń pa àlọ́ yẹn ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, àwọn kì í gbà á sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi kò lọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé asọ̀rọ̀mágbèsì wá sórí tábìlì, ó yọ àwọn bátìrì nínú àpò rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ bóyá màmá mi yóò sọ nǹkan. Màmá mi kò wò ó. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Èmi ni mo kó bátìrì sí i. N kò ṣe é rí, mo kọ́kọ́ fi wọ́n sódì. Obìnrin kan ló pa àlọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ dùn, àwọn àbúrò mi sì ń gbe orin rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí orin tó wọlé. Mo mọ ohun tó máa ń wà ní àyè yẹn. Màmá mi náà mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ tí ìròyìn náà ti dé, kò tíì jẹ ju òkèlè kan lọ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó lọ sílé ìdáná. Láfún orí àpáta ọjọ́sí, tí àwọn ìyá ìjọ bá a kó nílẹ̀, ló fi rokà. Ó gbé e wá, ó jókòó kọjú sí asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé àwo òfìfo náà síwájú asọ̀rọ̀mágbèsì.