Ìwé Máàsì ní Wákàtí Ẹyẹ Aláriwo

Lóde òní, kálukú ló ń dá ìwé tirẹ̀ kà, á sì panu mọ́. Nígbà tiwa létí odò Diamantina, ní ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí ìlú, a ò mọ irú ìwà ahun bẹ́ẹ̀. Àwọn oko màlúù wa jìnnà síra, ìwé kan ṣoṣo tó ń lọ láti oko kan sí òmíràn ni gbogbo wa ń kà. Ẹni tí ọkọ̀ lẹ́tà bá já ìwé fún ni yóò kà á láràárọ̀ sórí rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, bí dókítà tó ń tọ́jú wa lórí rẹ̀ bá ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wákàtí Ẹyẹ Aláriwo là ń pè é, nítorí ẹnu àwọn obìnrin wa. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Lọ́dún tí ìyá mi, Ivy, kú, ìtàn àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí ayé Máàsì lójú ọ̀run là ń kà. Thelma, aládùúgbò wa kan, ka ibi tí wọ́n ti balẹ̀: ilẹ̀ pupa, kò sómi, kò sí aládùúgbò.

"Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?" Merle bi í láti oko tirẹ̀. "Kí wọ́n kúkú wá sílé mi!"

"Ilé ẹ kẹ̀? Eṣinṣin ibẹ̀ nìkan á lé wọn padà!" Thelma fún un lésì.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi, Les, ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ́. Èmi gan-an, agbára káká ló fi ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí yóò ṣe wà títí ayé nìyẹn.

Ìgbà tó ku orí kan ni ìwé kan ilé wa. Mo ti jókòó ti rédíò, mo ti tún ohùn ṣe, ni Bàbá bá nawọ́.

"Noreen, gbé e wá."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀?"

"Irọ́ ni. Gbé e wá."

Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka màlúù wọ ọgbà. Ọkùnrin kan ló ṣẹ́ kù sórí Máàsì. Ó ń ránṣẹ́ sílé lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti gbé ìwé sílẹ̀.

Ó ní, "Ivy ìbá fẹ́ràn ibí yìí." Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀.

Rédíò pa lọ́lọ́. Àwọn obìnrin tí kì í dákẹ́!

"A ń gbọ́ ẹ, Les." Merle nìyẹn.

"A ń gbọ́ ẹ," Thelma náà sọ.

"Dulcie rèé. Èmi náà ń gbọ́ ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni oko kan ń tẹ̀ lé òmíràn, títí dórí àwọn tí a ò fojú rí rí. Bàbá bú sẹ́kún, èmi náà sunkún. Nígbà tó ṣe, ó fi apá ẹ̀wù nu imú, ó tún tẹ bọ́tìnì.

"Ó dáa," ó ní. "Ibo la kà á dé?"