Ẹni Tí Yóò Di Etí Tépù Mú

Ọ́fíìsì wẹ́fíà ti kó wọ inú ṣọ́ọ̀bù Fọlárìn nígbà tí mo débẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n ti kó, síbẹ̀ kò yà mí lẹ́nu. Iyẹ̀ pákó kún ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, fáìlì wà lórí tábìlì tó fi ń gé pákó, obìnrin wẹ́fíà sì jókòó sáàárín, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó ń fi ayùn rẹ́ ìwé sí méjì-méjì. Ó ní kí n jókòó. Mo wò yí ká, mo rí àga tó tó ogún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dojú bolẹ̀, tí wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Mo dúró.

Fọlárìn ni bàbá ọmọ mi. Káfíńtà ni. Ọdún mẹ́rin la fi jọ gbé, ó sì kó jáde nígbà tí Ìwàlọ́lá, ọmọ wa obìnrin, pé ọdún méjì ó lé díẹ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti béèrè owó oúnjẹ ọmọ, ohun kan náà ló máa ń sọ: iṣẹ́ ò sí. Ẹni tó bá ń gbowó oṣù, wọ́n á lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á yọ ti ọmọ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Fọlárìn ni ọ̀gá ara rẹ̀. Òun ló ń sanwó fún ara rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ò rí nǹkan kan gbà.

Mo di Ìwàlọ́lá lọ́wọ́ mú. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá ó lé oṣù mẹ́rin, ó sì ti yege láti wọ ilé ìwé girama. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wọlé. Ohun tí mo bá wá kò ju pé kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa mú nǹkan wá lóṣooṣù, kí ọmọ lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. N kò bá ti ìfẹ́ wá. Ìyẹn ti tán nílẹ̀.

Obìnrin wẹ́fíà béèrè pé, “Ẹ̀rí dà, Ìyá Ìwàlọ́lá?”

Mo ní, “Ẹ̀rí kí ni, mà?”

“Pé ó ń ṣiṣẹ́.”

Mo nawọ́ sí àwọn àga. Ó ní wọn ò lè sọ̀rọ̀ tí ẹni tó kàn wọ́n ò bá sí níjòókòó. Ìgbà náà ni Fọlárìn jáde látinú wọ́dúróòbù kan. Kò kánjú. Ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, ó sì fọwọ́ pa á lára, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìwàlọ́lá.” Inú bí mi sí ara mi. Ẹnu mi ò tíì gbọ́ pé a ti pínyà, ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Fọlárìn kọjú sí obìnrin wẹ́fíà. “Mà, iṣẹ́ ò sí rárá. Ẹ wo ọwọ́ mi.” Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú. Lóòótọ́ ni, koríko ti hù níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bíi ti ẹ̀yìnkùlé tí wọn ò ro. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló ń rùn fáníìṣì, fáníìṣì tuntun, débi pé ojú ń ta mí. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin wẹ́fíà ní òórùn kì í wọ fáìlì.

Àga tó sún mọ́ mi jù ló kọ́kọ́ lanu. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Ó ní, “Ẹ ka ikùn mi.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Fọlárìn kì í ṣe nǹkan kan kó má kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kó tó kun fáníìṣì, yóò fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tó parí rẹ̀, yóò wá ya ẹja kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà dìde lọ́la kó ní iṣẹ́ òun kọ́. Èmi ni mo máa ń fi sáńpépà họ ibẹ̀ fún un nígbà yẹn, torí pẹ́ńsù kì í hàn lórí pákó tí kò dán. Àwọn káfíńtà yòókù kì í fi ìsàlẹ̀ àga da ara wọn láàmú. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì onítábìlì pẹ̀lú oyún, tí iyẹ̀ pákó ń dà sí mi lójú. Ọwọ́ mi mọ ibẹ̀ ju ojú mi lọ.

Mo tẹ̀ba. Mo rí orúkọ, mo rí ọjọ́, mo rí ẹja. Oṣù tó kọjá, oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Mo pe obìnrin wẹ́fíà kó wá wò ó. Bó ṣe gbé ojú sí i, àwọn lẹ́tà náà tò tẹ̀lé ara wọn bí èèrà, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ẹsẹ̀ àga, ẹja náà sì tẹ̀lé wọn. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ó ní, “Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tí a ò ti mọ iye tó ń wọlé fún bàbá, ọmọ la máa wọ̀n. Bó bá ṣe ga tó ni mo máa kọ sílẹ̀.”

Ojú Fọlárìn tàn. Ó fa tépù yọ ní àpò. Mo ní kí Ìwàlọ́lá fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó mú ara dúró ṣinṣin bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yà á ní fọ́tò. Fọlárìn ò wò ó lójú. Ó fa tépù, tépù sì ké bí ẹyẹ. Ó ní, “Ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ínǹṣì mẹ́sàn-án.”

Mo ní, “Irọ́ ni.”

Ó ní, “Bó ṣe ga tó nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kúrò. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn.”

Obìnrin wẹ́fíà gbé bírò. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni Ìwàlọ́lá ń kéré. Aṣọ rẹ̀ kọ́kọ́ gùn dé kókósẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń wọ́ nílẹ̀. Bàtà rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi méjì, ó dúró sínú wọn. Ó ń wò mí, ó sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbàgbé. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù tó bà mí ju ti ọjọ́ tí mo bí i lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi dá tọ́ ọ ni wọ́n ń pa rẹ́ níwájú mi, bírò ìjọba ni wọ́n sì fi ń pa á rẹ́.

Mo pariwo pé, “Mà, kò sẹ́ni tó di etí tépù mú! Ẹ bi í. Kì í dá wọn nǹkan. Èmi ni mo máa ń di etí rẹ̀ mú nílẹ̀ fún un.”

Obìnrin wẹ́fíà dá bírò dúró. Ó ní òun ò lè dì í mú, torí òṣìṣẹ́ ìjọba lòun. Ó ní èmi náà ò lè dì í mú, torí èmi ni mo mú ẹjọ́ wá. Ó ní tí n bá rí ẹlòmíràn, kí n tètè pè é.

Yàrá ìgbàlejò Màámi la wà nígbà náà, pẹ̀lú kọ́tìnnì pupa rẹ̀. Màámi ni ìyá Fọlárìn. Ó ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Fọlárìn fúnra rẹ̀ ló sì kan pósí rẹ̀. Pósí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n to abọ́ sórí rẹ̀. Màámi rọra gbé abọ́ kúrò láti inú, ó ṣí i, ó jáde. Léèsì tí a fi sin ín ló wọ̀, pẹ̀lú sálúbàtà ilé ìwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Ìyàwó mi, o mà ti rù.”

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò gbóhùn sókè. “Fọlárìn, o wọn èmi, o ò ṣì í wọ̀n. Ínǹṣì kan ò lé, ínǹṣì kan ò dín. Wá wọn ọmọ rẹ.”

Ó fọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ etí tépù mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ Ìwàlọ́lá. Fọlárìn bẹ̀rẹ̀ sí fà á sókè. Tépù náà ń dúró ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí Fọlárìn bá wò. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó rí ọjọ́ tí èéyi mú ọmọ náà, tí mo pọ̀n ọ́n rìn lọ sí ọsibítù torí n kò rówó ọkọ̀. Lókè díẹ̀ síbẹ̀, ó rí ìwé tí tíṣà ní kí wọ́n ya bàbá wọn sí, tí Ìwàlọ́lá ya ilẹ̀kùn sí. Ó wo ìyẹn pẹ́. Koríko ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì Màámi. Ọmọ náà ń ga bọ̀, aṣọ rẹ̀ ń padà sí orúnkún, títí tépù fi dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì méje, ojú bàbá àti ọmọ sì ṣe mẹ́rin.

Fọlárìn ní, “Ó jọ Màámi.”

Màámi ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó yọ pẹ́ńsù létí. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin wẹ́fíà ti ìwé sí iwájú rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù lé e, mo sì rí i tí ẹnu pẹ́ńsù kan ìwé. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́yìn wa, ìṣó náà sì ń pe orúkọ mi.

“Ìyá Ìwàlọ́lá! Ìyá Ìwàlọ́lá! Ẹ̀yin ni mò ń pè.”

Mo lajú. Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì wẹ́fíà, oòrùn àárọ̀ ti dé ẹsẹ̀ mi. Obìnrin wẹ́fíà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fáìlì mi wà lábíyá rẹ̀. Ó ní Fọlárìn ò ní lè wá. Ó ní ó ti tẹ̀ wọ́n láago, bó ṣe ṣe nígbà méjì ìṣáájú, ó ní láti ọdún Àjíǹde òun ò tíì di ayùn mú.

Ó ní, “Mà, tí kò bá sí ẹ̀rí, mo máa pa fáìlì yìí dé ni o.”

Apá mi ọ̀tún rọ̀ sísàlẹ̀, ìka mi sì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ń dán. Mo fọwọ́ rìn ín lọ, mo fọwọ́ rìn ín bọ̀, ó ń dán láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Òórùn fáníìṣì ṣì wà nímú mi. Ẹni tó ń bá a họ ọ́ báyìí, n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́.

Mo béèrè pé, “Mà, ìgbà wo lẹ gba bẹ́ǹṣì yìí?”

“Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Káńsù ló kó o wá. Kí ló dé?”

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi di etí ibẹ̀ yẹn mú.”

Ó wò mí bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé fáìlì sílẹ̀, ó di etí kan mú, mo di èkejì mú, a sì yí i padà. Ẹja náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Mo dúró wò ó bóyá àwọn lẹ́tà náà yóò rìn. Wọn ò rìn. Obìnrin wẹ́fíà wá awò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó fi sójú, ó tẹ̀ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Orúkọ ọ́fíìsì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kà.