Àlejò Tó Kúnlẹ̀ ní Àkùrọ̀ Ayọ̀bọ̀

Kò sí ẹni tó ń gbé àdúgbò Qonitah ní Egan tí kò tíì gbọ́ nípa ìlú Arles lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, Arles. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Arles. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ayọ̀bọ̀, nígbà tó sì di ọdún 2009, wọ́n rán an lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé kí ahọ́n rẹ̀ lè dán sí i. Oṣù méjì péré ni o, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é ní Àǹtí Arles, wọn kì í kàn pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ ni.

Ká sòótọ́, ìlú náà tó ròyìn. Pápá eré olókùúta tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn ṣì wà láàárín ìlú, wọ́n ṣì ń bá akọ màlúù ṣeré nínú rẹ̀. Odò Rhône gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, apá ìsàlẹ̀ odò náà ni oko ìrẹsì sì wà, ilẹ̀ títẹ́jú tí omi bò. Ilé àgbẹ̀ onírẹsì kan tó ń jẹ́ Julius ni wọ́n fi Qonitah wọ̀ sí. Susanna, ọmọ Julius, tí òun náà jẹ́ tíṣà, sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó ya Qonitah lẹ́nu jù kì í ṣe òkúta àwọn ará Róòmù. Nígbà tí ìrẹsì tuntun jáde, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e wọ ìlú, tọmọdé tàgbà sì jáde lọ pàdé rẹ̀ bí ẹni lọ pàdé ìyàwó. Julius á ti oko dé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á wọ ilé tí wọ́n ti ń mu kọfí, àwọn tó wọ kóòtù á sì dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìdí tábìlì Julius yìí náà ni wọ́n ti bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá tirẹ̀ ń ṣe.

Àgbẹ̀ ni bàbá Qonitah. Abdulganiyy lorúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ń dáko ní Ayọ̀bọ̀ láti ìgbà tí ibẹ̀ ti jẹ́ igbó, kí àwọn onílé tó dé. Bí ilé ṣe ń yọ ni oko rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, títí ó fi ku àkùrọ̀ kan ṣoṣo lẹ́bàá afárá, ilẹ̀ olómi tí ẹnikẹ́ni ò rí kọ́lé sí, tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní gbogbo ayé, kò sí ibi tó dára ju ìdí tábìlì yẹn lọ fún èèyàn láti sọ pé ọmọ àgbẹ̀ lòun. Àwọn àgbẹ̀ ló jókòó yí i ká. Ṣùgbọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ti ń tì í lójú, ìtìjú náà sì bá a wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó dá wọn lóhùn pé onílé ni bàbá òun, pé ilé wọn pọ̀ ní Ayọ̀bọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Qonitah ò tilẹ̀ tó ọdún méjì. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2011, Susanna wá kí i l'Ékòó, ó sì dé sínú fúláàtì rẹ̀ ní Egan. Kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tó fi béèrè ìgbà tí wọ́n máa lọ kí Bàbá Onílé. Qonitah ní wọ́n ti rìnrìn àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ mú àlejò rẹ̀ lọ kí ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó kọ́ ọ nínú pálọ̀ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà nílẹ̀ Yorùbá, orúnkún méjèèjì, kó tẹrí ba díẹ̀. Susanna kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ mọ́tò. Qonitah ti rò ó tán: ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ bàbá òun ni wọ́n á gbà kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré ni mọ́tò á máa sá. Kò rántí pé ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Típà kan tó kó yanrìn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí afárá, kò sì sí ohun tó lè kọjá àfi ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn.

Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni Susanna rí ewéko tútù nísàlẹ̀.

"Ilẹ̀ olómi," ó ní, "bíi tiwa." Kí Qonitah tó rí nǹkan sọ, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́.

Bàbá wà láàárín ebè, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi garawa tó lu ihò sí nídìí wọ́n omi sí ẹ̀fọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì tàn. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ń retí. Ohun tó ń retí ò ju ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe láti kékeré lọ: kó kúnlẹ̀, kó ní ẹ káàárọ̀ Bàbá, kí òun náà sì fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn, Àṣàkẹ́.

Qonitah dúró gbagidi. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, bí ẹni tó ń kọjá lọ ṣe máa ń kí òṣìṣẹ́.

Bàbá wò ó. Ó wo òyìnbó, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Ìdùnnú ojú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A dúpẹ́, mà," ó ní. "Ẹ káàbọ̀."

Nígbà tí "mà" yẹn wọ Qonitah létí, ojú tì í débi tó fi ń wá ibi tí òun ì bá wọlẹ̀ sí. Síbẹ̀ orúnkún rẹ̀ ò tẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó bá ti sẹ́ èèyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í le.

Susanna ò mọ nǹkan kan. Ó ń ti ebè kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, Qonitah ń túmọ̀. Níbo ni omi ti ń wá? Ṣé ìrẹsì lè hù níbí? Ó wá béèrè iye ọmọ tí Bàbá bí, àti ẹni tó máa gba oko náà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ bá mi sọ fún un," Bàbá ní, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀fọ́, "pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Ẹ̀fọ́ yìí ni mo fi rán an níwèé. Ó sì mọ̀wé gan-an."

Qonitah túmọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ọmọ náà máa ń wá síbí?" Susanna béèrè.

"Ó máa ń wá. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá. Ọmọ dáadáa ni."

Ó túmọ̀ ìyẹn náà láì yọ nǹkan kan kúrò, ohùn rẹ̀ gbẹ bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Susanna ní òun ò tíì kí àgbàlagbà náà bó ṣe yẹ. Ó kó bàtà rẹ̀ jọ sápá kan, ó sì fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ó ní. Bàbá na ọwọ́ sí i lórí, ó súre fún un bí gbogbo bàbá ṣe ń súre fún ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún wọn. Kò sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀.

"Ọlọ́run á dá ọ sí. O ò níí ṣìnà. Bí o ṣe kúnlẹ̀ fún mi yìí, ọmọ tìrẹ náà á kúnlẹ̀ fún ọ."

"Kí ni wọ́n sọ?" Susanna bi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kò sí èyí tó le nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tó ń kọ́ lè túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni Qonitah fi èdè Faransé sọ.

"Bàbá mi ni wọ́n. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí."

Susanna yíjú padà lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó wò ó pẹ́. Ó dìde, ó gbé bàtà rẹ̀, ó sì gòkè lọ sí ojú títì pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún.

Nígbà náà ni Qonitah kúnlẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ nítorí ìyá oníléèwé rì sínú omi. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó ní.

Bàbá ò gbọ́ Faransé. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ti jẹ́wọ́. Ohun tó rí ni pé àlejò dúró lókè, ojú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá bí ẹni tó fẹ́ tu koríko, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà dé ojú títì.

"Ẹ dìde, mà," ó ní. "Ẹ tètè dìde, àlejò yín ń wò wá."