Bọ́tìnì Ṣẹ́ẹ̀tì Àwọn Ọkùnrin Inú Fídíò

“Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un,” ni olùkọ́ wí, gbogbo yàrá sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìròyìn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yára gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ọjọ́ kẹrin náà sì nìyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wọn. Kò tíì lò ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ìròyìn ti lò ní tirẹ̀, òun gan-an ló sì kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá aláṣẹ lẹ́nu wò tí kò fi ní rí ọ̀nà sá lọ. Àfi ìgbà tí olùkọ́ yìí dé, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tú àṣírí irọ́: bí èèyàn ṣe ń ti ara òrùlé àti òjìji mọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán, bí èèyàn ṣe ń wá ọjọ́ tí fídíò kọ́kọ́ jáde. Kí Ìyá Ìròyìn tó rí ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, Ojú Àwòdì á ti nawọ́ sókè. Olóòtú àgbà sì ti sọ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí, òun máa mú ẹnì kan nínú wọn ṣe olórí ẹ̀ka tuntun tí yóò máa yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ìyá Ìròyìn ti sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé pé ipò náà ti bọ́ sóun lọ́wọ́. Ní báyìí, tó bá ti rí ọmọ náà, ṣe ló máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ìdánrawò mọ́. Láti òwúrọ̀ ni fídíò kan ti ń tàn kálẹ̀, níbi táwọn ọkùnrin kan ti ń fi abẹ ha ọjọ́ ìparí lílò oògùn tó ti kọjá kúrò lára páálí rẹ̀ lẹ́yìn ilé kan. Àwọn tó ń pín in kiri sọ pé ilé oníṣòwò oògùn tó wà ní ìkòríta ńlá ni. Èrò ti ń pé jọ sẹ́nu géètì ọkùnrin náà. Olóòtú àgbà ní kí wọ́n pa ẹ̀kọ́ tì, kí wọ́n wá òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ojú Àwòdì ò lò tó wákàtí kan: ó rí òrùlé pupa, ó rí táǹkì omi lápá òsì àti òpó tẹlifóònù lápá ọ̀tún, ó sì wá ilé náà kàn lórí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń yà láti ojú ọ̀run. Ilé oníṣòwò náà ló bá a mu rẹ́gí. Òfin olùkọ́ ni pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ yẹ̀ wò kó tó jáde. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù ló fọwọ́ sí i, kò sì wò ó délẹ̀. Aago mẹ́rin ni ìròyìn máa jáde pé òótọ́ ni fídíò náà.

Nígbà táwọn yòókù jáde lọ jẹun, Ìyá Ìròyìn jókòó ti fídíò náà. Kì í ṣe òótọ́ ló ń wá. Àléébù ló ń wá. Ó wò ó títí ojú fi ń ta á. Nígbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó rí bọ́tìnì.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Kó tó mọ̀wé kà ló ti ń bá a rán bọ́tìnì, tó bá sì gbé ti ọkùnrin sápá òsì bíi ti obìnrin, bàbá á fà á létí. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú fídíò yìí, òsì sì ni bọ́tìnì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Télọ̀ wo ló máa ṣi ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin rán lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹnì kan ló yí fídíò náà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún, kó má baà rọrùn láti dá mọ̀. Ó yí i pa dà sí bó ṣe yẹ, ó gé àwòrán kan nínú rẹ̀, ó sì wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní. Fídíò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló jáde sí i, láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Oníṣòwò tí wọ́n ká mọ́lé yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn dénú egungun. Kò ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Ojú Àwòdì á ti tẹ́, wọ́n á máa fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ipò á sì bọ́ sọ́wọ́ àgbà. Aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ bu omi mu. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí olóòtú ń sọ lórí fóònù pé wọ́n ti fọ́ fèrèsé oníṣòwò náà. Ó bu omi kejì, ó mu ún.

Ó tún pa dà sídìí omi yẹn nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ibẹ̀ ni Ojú Àwòdì sì bá a.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fojú kan iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé e fún tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Ẹ̀rù mi bí báwo?”

“Ẹ kì í dáhùn tí mo bá kí yín.”

“Mo ń dáhùn.”

“Orí lẹ máa ń mì sí mi, mà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí.”

Èyí gan-an tún dun Ìyá Ìròyìn, pé ọmọ náà tún lè gbóòórùn àṣìṣe ara rẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣèèṣì wo ojú rẹ̀, ó rí bí ètè rẹ̀ ṣe gbẹ.

“Lọ wo bọ́tìnì wọn,” ló bá sọ.

Ó fi fídíò tó yí pa dà hàn án, ó fi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn hàn án. Ọmọ náà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olóòtú. Ìyá Ìròyìn tẹ̀ lé e. Ó mọ ohun tí ọmọ náà máa sọ. Ó máa ní òun tún iṣẹ́ òun wò, òun sì rí i. Ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn.

“Ẹ dá a dúró, sà,” ni Ojú Àwòdì wí lójú gbogbo èèyàn. “Mo ṣi í mú. Ìyá Ìròyìn ló rí i, èmi ò rí i.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ìyá Ìròyìn wo ojú rẹ̀ láti mọ ibi tó ti ń dùn ún, kò rí i. Ìlara tó wá gbé e ju ti ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ti kọ̀ǹpútà, ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì dúró níwájú èèyàn rí kó ní òun ṣi nǹkan mú. Níbo lọmọ àná ti kọ́ ọ?

Olóòtú gbá Ìyá Ìròyìn lọ́wọ́ mú. Ó ní kó máa retí ìwé ipò tuntun lọ́jọ́ Ajé. Ó wá bi í tẹ̀ríntẹ̀rín, “Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ rí i?”

Ó lè ní ìsinsìnyí ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró níbẹ̀, Ìyá Ìròyìn ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọmọ náà nìkan ló lè jẹ́wọ́ àṣìṣe lójú èèyàn.

“Láti aago mẹ́ta, sà,” ni Ìyá Ìròyìn dáhùn. “Mo dákẹ́ ni.”

Olóòtú rọra fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.