Oòrùn Lára Ògiri Wọ́ọ̀dù

Dókítà ti sọ fún mi láàárọ̀ pé kí n má jìnnà sí bàbá mi lónìí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Mo fa àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ bàbá mi mú, mo sì pinnu pé iná ì báà jó, òjò ì báà rọ̀, n kò ní dìde níbẹ̀.

Bàbá mi ní ìpinnu tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni òṣùpá máa gba iwájú oòrùn kọjá, ó sì fẹ́ rí i. Tíṣà ni. Ojú ọ̀run ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé: bí ayé ṣe ń pòòyì, bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe tò tẹ̀ léra láti ẹ̀gbẹ́ oòrùn títí dé ibi tí òtútù ti ń mú wọn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni bàbá tèmi wò. Ẹ̀gbọ́n mi tó sanra ló ń pè ní Júpítà. Èmi ni Mẹ́kúrì, nítorí pé mo kéré, ara mi máa ń gbóná, n kì í sì í dúró sójú kan. Mẹ́kúrì náà ló sún mọ́ oòrùn jù, ó máa ń fi ìyẹn tù mí nínú.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀, a ò lè gbé e jáde. Oòrùn wà lẹ́yìn ilé, fèrèsé wọ́ọ̀dù sì kọjú sí òdìkejì. Júpítà, tó ṣì wà lójú ọ̀nà, fi fídíò oòrùn náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbé e síwájú bàbá mi. Ó yíjú kúrò.

“Ìròyìn ò tó àfojúbà,” ó ní.

“Bàbá mi, oòrùn kan náà ni.”

“Gbé dígí. Ṣé o ti gbàgbé ni?”

N kò gbàgbé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò jẹ́ ká fi ojú lásán wo oòrùn rí. Ó ní oòrùn ò mọ ojú ọmọ ẹnì kankan. Dígí kékeré ló fi máa ń ju oòrùn láti ìta wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, àwa á sì kẹ́yìn sí fèrèsé, a ó máa wò ó lára ògiri.

Mo yọ dígí pańkéèkì nínú báàgì mi, mo sáré jáde síwájú fèrèsé. Níbi tí oòrùn ti yọjú díẹ̀ ní igun ilé, mo ta ìmọ́lẹ̀ náà wọlé. Ó jókòó sára ògiri ní onígun mẹ́rin.

“Dígí nìyẹn,” bàbá mi sọ láti inú ilé. “Oòrùn kì í ní igun.”

Aránṣọ ni mí, sísọ́ọ̀sì kì í wọ́n mi. Mo gé paálí oògùn, mo lu ihò tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ sí i, mo fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí náà lójú. Mo tún jáde. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló bọ́ sára ògiri.

“Ihò nìyẹn. Jìnnà sí i.”

Inú bí mi. Òótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé bí dígí bá wà nítòsí, ìrísí ihò nìkan ni yóò fi hàn, pé ó dìgbà tó bá jìnnà kí oòrùn tó fi ojú ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ yẹn?

“Bàbá mi, dókítà ní kí n má jìnnà.”

“Dókítà mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró.” Ó mí. “Ti oòrùn, èmi ni kí o bi.”

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló bá wa parí ẹ̀. Ó fa kọ́tìnì, ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àga mi. “Máa lọ, ọmọ mi. Pè mí lórí fóònù. Mo wà níbí.”

Mo sáré gba àgbàlá kọjá, mo gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, ní ọ̀kánkán fèrèsé wọ́ọ̀dù gan-an. Lókè níbẹ̀, mo gbé dígí lé irin àtẹ̀gùn, mo fi fóònù há etí.

“Ó ti wọlé,” Nọ́ọ̀sì ní. “Ó tó àwo ńlá. Nǹkan ti gé e jẹ lápá kan.”

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀. “Kò sóhun tó gé e jẹ. Òṣùpá ló dúró síwájú rẹ̀.” Lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣì ń máàkì èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Nítorí pé ayé ò yé yí, ìmọ́lẹ̀ náà ò yé yọ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yí dígí tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù, ikọ́ tí kò fẹ́ tán.

“Mò ń bọ̀,” mo ní.

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sí i lẹ́nu. “Dúró síbẹ̀,” bàbá mi sọ. “Tí o bá wá, oòrùn á lọ. Parí ẹ̀.”

Òfin rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo oòrùn nígbà tí òṣùpá kàn án kò gbọdọ̀ dìde títí òṣùpá yóò fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Mo bínú sí i, kí n má parọ́. Irú bàbá wo ló ń lé ọmọ rẹ̀ jìnnà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ oòrùn. Mo bẹ òṣùpá pé kó yára. Kò yára. Mo sì dúró.

“Ṣé ó ń rí i?”

“Ó ń rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín.”

Afẹ́fẹ́ tutù. Oòrùn ku tẹ́ẹ́rẹ́ bí àlòkù ọṣẹ. Àwọn alágbàfọ̀ jáde, wọ́n ń wo bí òjìji wọn ṣe yí padà. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

“Ṣé ó ń rí i?”

“Ó wà lára ògiri,” Nọ́ọ̀sì ní.

Mo yí dígí díẹ̀. Mo tún bi í.

“Ó wà lára ògiri, ọmọ mi. Dì í mú dáadáa.”

N kò gbọ́ ikọ́ mọ́. “Màmá, bàbá mi ni mò ń béèrè, mi ò bi yín nípa ògiri.”

“Bàbá rẹ ní kí n má pè ọ́ títí wàá fi parí ẹ̀,” Nọ́ọ̀sì ní.

Òṣùpá ṣì di etí oòrùn mú. Bí mo bá sáré, ọwọ́ tí kò ní di tèmi mú mọ́ ni mo máa bá. Mo fi aṣọ nu ojú mi kí n lè ríran.

“Ibo ni ìmọ́lẹ̀ náà wà báyìí?”

“Ó ń yọ̀ kúrò lára ògiri.”

“Ẹ máa júwe fún mi. Mo fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀.”

“Sísàlẹ̀ díẹ̀. Ó ti dé orí ìrọ̀rí. Sápá ọ̀tún. Ó ti dé ojú bàbá rẹ.”

Mo dì í mú síbẹ̀ títí òṣùpá fi kúrò tán.